Seattle àbí Vancouver? Ìtàn òfin, wúrà àti yìnyín Alaska

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fa àga súnmọ́, thread yìí gùn díẹ̀.

Bí ìgbà ooru bá ti ń súnmọ́lé lókè òkun, ìbéèrè kan máa ń pọ̀ láàárín àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà: "A fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lọ wo yìnyín ní Alaska. Ṣé Seattle la ti máa wọ̀ ọ́ ni, àbí Vancouver?" Ẹnì kan á ní Seattle, torí pé bàálù tó ń lọ síbẹ̀ kì í wọ́n púpọ̀. Ẹlòmíì á ní Vancouver, torí pé ojú ọ̀nà ibẹ̀ ló rẹwà jù. Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ ìlú méjì yìí ló ń du ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìlú Amẹ́ríkà ni Seattle. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Alaska. Kí ló wá dé tí ọkọ̀ tó bá gbéra ní Seattle lọ sí Alaska, tó sì ń padà sí Seattle, fi gbọ́dọ̀ yà ní Kánádà ní dandan? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn ìyẹn á mọ èbúté tó yẹ kó mú, pàápàá ẹni tó bá ń lo páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé bíi tèmi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iná.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1886. Vancouver ò tíì ju ìlú oṣù méjì lọ. Oṣù kẹrin ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sọ ọ́ di ìlú lábẹ́ òfin. Àwọn òṣìṣẹ́ ń dáná sun igbó tí wọ́n ṣán, kí àyè lè wà fún ìlú tuntun tí rélùwéè ń bọ̀ wá bá. Afẹ́fẹ́ dé, ó gbé iná ọ̀hún. Ilé onípákó ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Kó tó pé wákàtí kan, ìlú ti di eérú.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, lọ́jọ́ 19 oṣù kẹfà kan náà, òfin kan jáde ní Washington, lápá kejì ilẹ̀ náà lọ́hùn-ún. Passenger Vessel Services Act ni wọ́n ń pè é lónìí. Ohun tó sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá: ọkọ̀ ojú omi tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ gbé èrò láti èbúté kan ní Amẹ́ríkà lọ já wọn sí èbúté mìíràn ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tó bá dán an wò, dọ́là 2 ni owó ìtanràn lórí èrò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọdún 1898, wọ́n gbé dọ́là 2 yẹn sí 200.

Wọ́n fẹ́ dáàbò bo àwọn ọlọ́kọ̀ tiwọn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àjèjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín wọn o. Nàìjíríà náà ní irú ẹ̀: òfin Cabotage ọdún 2003, tó ní àwọn ọkọ̀ Nàìjíríà ló ni iṣẹ́ kíkó ẹrù àti èrò láàárín àwọn èbúté wa. Bóyá ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́, thread ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ fi òfin 1886 yẹn sápò ná. A ṣì máa padà sórí ẹ̀, torí nígbà tí wọ́n ṣe é, kò dí ẹnikẹ́ni tó ń lọ wo Alaska lọ́wọ́. Àwọn tó ń lọ nígbà yẹn, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wọ̀.

Amẹ́ríkà ra Alaska lọ́wọ́ Rọ́ṣíà lọ́dún 1867, mílíọ̀nù 7.2 dọ́là. William Seward ló dúró lórí ọjà náà, àwọn kan sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé yìnyín ló lọ fowó rà. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1880 sókè, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Pacific Coast Steamship Company ti ń gbé lẹ́tà àti ẹrù lọ síbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni wọ́n ń pè ní Inside Passage: omi òkun tó gba àárín àwọn erékùṣù kọjá, tí òkè wà lọ́tùn-ún, tí òkè wà lósì, tí ìjì òkun ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Kò pẹ́ tí àwọn tí kò ní ẹrù kankan láti tà bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọkọ̀, wọ́n kàn fẹ́ wo nǹkan ni.

Lọ́dún 1883, obìnrin kan wà lára wọn. Eliza Scidmore lórúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún 26. Akọ̀ròyìn ni. Ọkọ̀ Idaho ló wọ̀, Captain James Carroll ló ń wà á, wọ́n sì wọ inú Glacier Bay, níbi tí ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò ìgbafẹ́ ò tíì dé rí. Scidmore kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn, ó sì kó o jọ di ìwé lọ́dún 1885. Àwọn tó kà á náà fẹ́ lọ. Ṣé ẹ rí i? Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó rìnrìn àjò, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tí àwọn èèyàn tẹ̀ lé e. Content creator ni jàre. Ibì kan ń jẹ́ Scidmore Bay nínú Glacier Bay dòní.

Ibo ni ìrìn àjò Scidmore ti bẹ̀rẹ̀? Port Townsend. Mélòó nínú yín ló ti gbọ́ orúkọ yẹn rí? Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tó wọ omi Puget Sound, ibẹ̀ ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wà, àwọn ará ibẹ̀ sì gbà pé ìlú àwọn ló máa di ìlú ńlá. Rélùwéè ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn lásìkò. Tacoma ni ilé iṣẹ́ Northern Pacific mú lọ́dún 1873. Vancouver rí ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìlà oòrùn Kánádà lóṣù karùn-ún ọdún 1887, kò pé ọdún kan tí iná jó o. Great Northern dé Seattle lọ́dún 1893. Ibi tí ojú irin bá parí sí ni èrò ti ń bọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró dè wọ́n. Bí Port Townsend ṣe bọ́ nínú ìtàn nìyẹn.

Kí gan-an ni wọ́n ń lọ wò? Glacier ni: yìnyín tó ti ṣù jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí tó fi ga tó òkè, tó sì ń fi jẹ́jẹ́ ṣàn bí odò títí tó fi já sí òkun. Tó bá dé etí omi, ègé rẹ̀ tó tóbi ju ilé lọ á já bọ́, á dún bí àrá.

Àwọn Tlingit ló ni ilẹ̀ yẹn. Àwọn baba ńlá àwọn ará Huna ń gbé níbi tí Glacier Bay wà lónìí kí yìnyín tó ṣí wá bá wọn, tó lé wọn kúrò nílé. Nígbà tí àwọn èèyàn Captain George Vancouver kọjá lọ́dún 1794, yìnyín ló dí ibẹ̀ pa, omi kékeré báyìí ló wọlé. Lọ́dún 1879, nígbà tí àwọn awakọ̀ Tlingit wa John Muir débẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, yìnyín ti fà sẹ́yìn tó ogójì máìlì. Muir ni ìwé máa ń dárúkọ. Àwọn tó mọ ọ̀nà, tó wa ọkọ̀ nínú òtútù yẹn, àfi kéèyàn fara balẹ̀ wá orúkọ wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ wúrà, torí ibẹ̀ ni ìjà Seattle àti Vancouver ti le.

Ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1897, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Portland gúnlẹ̀ sí Seattle. Àwọn awakùsà 68 ló wà nínú ẹ̀, wúrà tó ju tọ́ọ̀nù kan lọ ló wà lọ́wọ́ wọn. Klondike ni wọ́n ti rí i. Ara ìlú ya wèrè. Àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Méyọ̀ Seattle fúnra ẹ̀, W. D. Wood, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ wá wúrà tiẹ̀. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 100,000 èèyàn ló gbéra lọ sí Klondike lápapọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì débẹ̀.

Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa o: Kánádà ni Klondike wà. Wúrà Kánádà ni. Àmọ́ Seattle ló jẹ ẹ́.

Báwo? Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Seattle gba akọ̀ròyìn kan, Erastus Brainerd, pé kó máa polongo ìlú wọn. Ọkùnrin náà kọ lẹ́tà káàkiri, ó fi ìpolówó síbi gbogbo, títí tí ẹni tó wà ní Ohio àti ní London fi gbà pé bí èèyàn bá ń lọ sí Klondike, Seattle nìkan ni ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọlọ́pàá Kánádà ní kò sẹ́ni tó máa kọjá ẹnu ibodè láìkó oúnjẹ àti ohun èlò tó máa tó o fún ọdún kan, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ẹrù. Ta ló ń ta ẹrù yẹn? Àwọn ará Seattle. Àwọn oníṣòwò Vancouver àti Victoria ń pariwo pé ilẹ̀ àwọn ni wúrà wà, wọ́n sì rí díẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n Seattle ti gba ọjà.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ọdún 1899, torí apá yìí kì í sí nínú ìwé ìpolówó ọkọ̀ ìgbafẹ́.

Lọ́dún yẹn, àwọn gbajúmọ̀ oníṣòwò Seattle wọ ọkọ̀ lọ ṣe fàájì ní Alaska. Wọ́n dé abúlé Tlingit kan ní erékùṣù Tongass. Àwọn ará abúlé ò sí nílé. Wọ́n rí àwọn òpó gàgàrà tí wọ́n gbẹ́ ère àti ìtàn ìdílé sí lára, irú èyí tí wọ́n ń pè ní totem pole. Wọ́n gé ọ̀kan lulẹ̀, wọ́n wọ́ ọ lọ sí etí omi, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n sì lọ rì í mọ́lẹ̀ ní Pioneer Square, láàárín ìgboro Seattle, lóṣù kẹwàá ọdún náà. Ìlú pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ni òpó fẹjọ́ sùn, wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ sì parí sí dọ́là 500. Lọ́dún 1938, ẹnì kan dáná sun òpó yẹn, àwọn agbẹ́gilére Tlingit ló gbẹ́ èyí tó rọ́pò rẹ̀, èyí tó ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1899 kan náà, ọkọ̀ George W. Elder gbéra ní Seattle, ó kó àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí olówó rélùwéè kan, Edward Harriman, kó jọ. Àwọn náà dé abúlé Cape Fox, wọ́n kó òpó àti ère tibẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n tó dá púpọ̀ lára wọn padà.

Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, lóṣù kejì ọdún 1897, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ère inú ààfin Benin lọ. Ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé fún yín bó ṣe rí lára.

Ó dáa. Lẹ́yìn tí wúrà rọlẹ̀, ọkọ̀ ò dáwọ́ dúró. Alaska Steamship Company ń gbéra ní Seattle, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n. Àwọn ọkọ̀ Canadian Pacific tí orúkọ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Princess ń gbéra ní Vancouver lọ sí Skagway.

Ọ̀kan lára wọn, Princess Sophia, kúrò ní Skagway lálẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1918. Vancouver ló ń lọ. Ó kún fọ́fọ́, torí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Yukon máa ń sá kúrò níbẹ̀ kí òtútù tó dé: ọkọ, ìyàwó, ọmọ wẹ́wẹ́. Yìnyín ń já bọ́, ojú ọ̀run ṣú. Lóru yẹn ó gun orí àpáta abẹ́ omi kan tí wọ́n ń pè ní Vanderbilt Reef, ó sì jókòó síbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó wá gbà wọ́n là dé, wọ́n yí i ká, wọ́n ń wo ara wọn. Ìgbì le, ọ̀gá ọkọ̀ sì rò pé bí àwọn bá sọ ọkọ̀ kékeré sómi, àpáta á fọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù kí omi rọ̀. Ó lé ní wákàtí 36 tí wọ́n fi dúró báyẹn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 25, ìjì gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí àpáta, ó rì. Ó lé ní 340 èèyàn tó wà nínú ẹ̀. Ajá kan péré ló yè.

Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni ọkọ̀ mìíràn, Princess Alice, gbé òkú wọn dé Vancouver. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ogun Àgbáyé Kìíní parí. Gbogbo ìgboro ń jó, agogo ń dún, àwọn ará ilé òkú sì wà ní èbúté.

Mi ò sọ ìyẹn láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé omi tó rọ̀ nínú fọ́tò yẹn, àwọn èèyàn ti sanwó rẹ̀ kó tó rọ̀. Àpẹẹrẹ kan rèé. Ọkọ̀ tó bá gba Inside Passage láti Vancouver máa gba ibì kan tóóró tó ń jẹ́ Seymour Narrows. Ìṣàn omi ibẹ̀ le púpọ̀, àpáta kan tó ń jẹ́ Ripple Rock sì wà lábẹ́ omi níbẹ̀, tó fọ́ ọkọ̀ lóríṣiríṣi, tó pa èèyàn tó lé ní 100. Wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ òkun lọ sínú àpáta náà, wọ́n di ohun abúgbàmù tó lé ní 1,200 tọ́ọ̀nù sínú ẹ̀, wọ́n sì fọ́ ọ lórí lọ́jọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1958. Tẹlifíṣọ̀n Kánádà gbé e sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Orí àpáta yẹn lẹ máa gbà kọjá, ẹ lè má tiẹ̀ mọ̀, ẹ lè máa jẹun lọ́wọ́.

Ní báyìí, ẹ yọ òfin 1886 jáde lápò.

Lọ́dún 1954, Alaska Steamship Company dáwọ́ gbígbé èrò dúró. Bàálù ti dé, kò sì sí èrè mọ́. Ọkọ̀ tó ní àsíá Amẹ́ríkà, tó lè gbé èrò ìgbafẹ́ láti Seattle lọ sí Alaska, bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Nígbà tí òwò ọkọ̀ ìgbafẹ́ wá gbérí lẹ́yìn ọdún 1965, àwọn ọkọ̀ tó ní àsíá ilẹ̀ mìíràn ló kún inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lónìí: Bahamas, Panama, Bermuda, Netherlands. Nínú àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńláńlá, ọ̀kan ṣoṣo, Pride of America, ló ní àsíá Amẹ́ríkà, Hawaii ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Òfin ní ọkọ̀ àjèjì kò gbọ́dọ̀ gbé èrò láti Seattle lọ jù wọ́n sílẹ̀ ní Alaska. Ṣùgbọ́n bó bá gbéra ní Vancouver ńkọ́? Kánádà ni Vancouver. Òfin ò kan ibẹ̀. Ọkọ̀ àjèjì lè gbé yín ní Vancouver, kó já yín sílẹ̀ lókè Alaska lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ìlú tó jóná lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣe òfin náà ló jogún òwò. Wọ́n kọ́ Canada Place fún àfihàn Expo 86, wọ́n ṣe èbúté ọkọ̀ ìgbafẹ́ sí i lára, ó sì di ojúlé Alaska. Lọ́dún 1897, wúrà Kánádà ni Seattle fi là. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ẹ̀, yìnyín Amẹ́ríkà ni Vancouver fi ń jẹun. Èmi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀.

Seattle ò gbà. Lọ́dún 2000, ilé iṣẹ́ Norwegian Cruise Line gbé ọkọ̀ Norwegian Sky wá síbẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Òfin gba lílọ-bíbọ̀, bí ọkọ̀ bá ṣáà ti yà ní ilẹ̀ òkèèrè kan. Ọkọ̀ ayé òde òní sì ti yára débi pé ọjọ́ méje tó wọn láti Seattle dé Alaska kí wọ́n sì padà. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn ẹ̀, torí bàálù abẹ́lé ni wọ́n máa wọ̀ dé Seattle. Ó di pé Seattle ń gba èrò ju Vancouver lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń san ẹ̀tọ́ òfin yẹn ni Victoria, olú ìlú British Columbia. Ẹ wo àwọn ìwé ìrìn àjò Seattle, ẹ máa rí i nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà lálẹ́, wákàtí bíi mélòó kan. Àwọn èèyàn máa ń ráhùn pé àkókò ò tó láti wo ìlú. Nítorí òfin ni ọkọ̀ ṣe yà níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé òfin àtijọ́ ni, kò lágbára mọ́, kó wo ìgbà kòrónà. Lóṣù kejì ọdún 2021, Kánádà ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ wọ omi àwọn títí oṣù kejì ọdún 2022. Ọkọ̀ wà ní Amẹ́ríkà, èrò wà, Alaska ń dúró, àmọ́ ibi tí wọ́n máa yà ti tì. Ìlú bíi Skagway, tí òwò èrò ọkọ̀ gbé ró, ti pàdánù ìgbà ooru kan, òmíràn tún ń lọ. Àfìgbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin àkànṣe, tí Ààrẹ Biden buwọ́ lù lọ́jọ́ 24 oṣù karùn-ún, kí ọkọ̀ tó lè gbéra láìya Kánádà. Serenade of the Seas ló kọ́kọ́ lọ, lọ́jọ́ 19 oṣù keje. Ẹ̀rù ba àwọn ará British Columbia pé bí Amẹ́ríkà bá mọ́ wọn tì báyìí, ó lè di bárakú. Kánádà sáré ṣí èbúté padà lọ́jọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó ku oṣù mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá.

Ó yá, èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Tó bá jẹ́ ti ẹwà ọ̀nà, Vancouver ni tèmi. Ọkọ̀ ibẹ̀ sábà máa ń gba àárín erékùṣù, omi á rọ̀, ilẹ̀ á wà lọ́tùn-ún lósì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ Seattle sábà máa ń gba ẹ̀yìn erékùṣù Vancouver, lójú agbami Pacific. Bí òkun bá máa ń kọ yín lójú, ẹ ti gbọ́. Láti Vancouver, ẹ tún lè lọ lọ́nà kan ṣoṣo, kí ọkọ̀ já yín sílẹ̀ ní Whittier àbí ní Seward. Bẹ́ẹ̀ ni, Seward yẹn náà, orúkọ ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ̀ ńlá àjèjì ò lè ṣe ìyẹn láti Seattle, òfin 1886 ò gbà. Ẹ tún wò ó bóyá ọkọ̀ yín máa wọ Glacier Bay. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ méjì péré ni wọ́n ń gbà wọlé lójúmọ́, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń rí àyè.

Àmọ́ páásípọ́ọ̀tù ń sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹwà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní green card, Kánádà ò béèrè físà lọ́wọ́ yín. Ẹ kàn mú páásípọ́ọ̀tù àti green card dání. Ẹni tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, tí kò ní green card, ó nílò físà Kánádà, ì báà jẹ́ wákàtí mẹ́rin péré ní Victoria. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé "Seattle lo ti wọ̀ ọ́, o ò nílò ẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti ilé, ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ máa wọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lóṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ físà àbẹ̀wò tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà máa jẹ́ ti oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Ìrìn àjò Seattle: ẹ wọ Amẹ́ríkà nígbà tí bàálù balẹ̀, ẹ jáde lọ sí Victoria, ẹ tún wọlé padà ní Seattle. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn. Vancouver lọ sí Seward lọ́nà kan: ẹ wọ Kánádà lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọ Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kan. Ní Canada Place gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé Amẹ́ríkà ti ń yẹ ìwé wò, kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ á sì wọ bàálù kúrò ní Anchorage. Vancouver lílọ-bíbọ̀: Kánádà ló máa di ẹ̀ẹ̀mejì.

Òfin físà ń yí lóòrèkóòrè, torí náà ẹ wo ìkànnì ìjọba méjèèjì, kẹ́ ẹ sì bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ léèrè lórí ìwé, kì í ṣe lórí fóònù, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Ẹni tó bá ti lọ rí, kó sọ èbúté tó mú àti bí wọ́n ṣe ṣe é níbi àyẹ̀wò ìwé, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á.